Bọ́ọ̀lù Ìrọ̀lẹ́ àti Másùnmáwo Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní yunifásítì, bí ìdánwò bá ti ń sún mọ́lé, eré ìdárayá ni ọ̀pọ̀ yín kọ́kọ́ máa ń pa tì, bẹ́ẹ̀ àsìkò náà gan-an ni ara nílò rẹ̀ jù lọ. Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní Yunifásítì Ìbàdàn ni mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ìdánwò jọ já lé mi léjìká.

Ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń gbá bọ́ọ̀lù ẹni márùn-ún-márùn-ún, òkúta méjì la fi ń ṣe òpó. Sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi góòlù méjì nà yóò jáde, èyí tó ń dúró yóò sì wọlé. Lójú tèmi, etí pápá tí a ti ń dúró yìí ṣe wá láǹfààní ju inú pápá lọ. Níbẹ̀ ni ẹnìkan ti sọ, bó ti ń so okùn bàtà rẹ̀, pé òun kò tíì rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san, tí ẹlòmíràn sì júwe ibi tó ti lè béèrè ìrànwọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ nínú yàrá a máa rọrùn níbẹ̀, nítorí pé ojú gbogbo wa wà lára bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí másùnmáwo bá dé, ara a máa tú adrenaline àti cortisol, àwọn èròjà tí ara fi ń múra de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀; àyà á máa lù kì-kì-kì, iṣan á le, bí ẹni tó fẹ́ sáré tàbí tó fẹ́ jà, bẹ́ẹ̀ orí àga la jókòó sí. Eré ló ń fún ara ní iṣẹ́ tó ti múra sílẹ̀ fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe eré ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 ní ìrọ̀lẹ́ márùn-ún ti kájú ẹ̀, rírìn kánmọ́kánmọ́ sì wà lára rẹ̀.

Ẹ dá àsìkò eré pẹ̀lú àwọn tí yóò béèrè yín bí ẹ kò bá wá, ẹ má sì ta tẹ́tẹ́ lé e, nítorí másùnmáwo mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun bá ti ń dá lójú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ayé sì sú u, kí ó má fi bọ́ọ̀lù nìkan tọ́jú ara rẹ̀: kí ó lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì, kí ó sì mú ọ̀rẹ́ kan dání bí ẹ̀rù bá ń bà á láti dá lọ.