Àgò onílé: kẹ̀kẹ́ wa létí odò Célé

Ẹ̀gbọ́n mi ará Kétu ló fi fọ́tò ọ̀nà kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: títì tẹ́ẹ́rẹ́, àpáta funfun lápá kan, odò lápá kejì, kò sí mọ́tò, kò sí ọmọ èèyàn. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti ọ̀nà náà pa ni. Ó ní, "Rárá o, àbúrò. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

N ò gbà á gbọ́. Peckham ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ẹni tó bá mọ Old Kent Road mọ̀ pé ojú ogun ni. Bọ́ọ̀sì á fẹ́ atẹ́gùn sí ọ létí, ọmọ tó ń gbé píísà kiri á gba abẹ́ apá rẹ kọjá, kí o tó débi iṣẹ́ o ti ṣépè fún èèyàn mẹ́ta. Pé èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀dà tó dán, kó má sì sẹ́ni tó máa fọn fèrè mọ́ ọn, àlá ni mo pè é.

Toulouse, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ni ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé. Ibi ìgbéyàwó kan ní Kútọnu la ti pàdé. Faransé ló fi kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kàwé, Yorùbá ló so wá pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mò ń pè ní ọ̀dà, "gudurọ́ọ̀nù" ló ń pè é. Lóṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé padà tí oòrùn sì ti ń dẹwọ́, a gbé kẹ̀kẹ́ wa wọ ọkọ̀ ojú irin ní Toulouse. Orí ìkọ́ la fi wọ́n há, táyà iwájú lókè, bí itan màlúù ní ìsọ̀ alápatà. Cahors la sọ̀ sí. Figeac là ń lọ, ìlú tí wọ́n bí Champollion sí ní 1790, ọkùnrin tó tú ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò rí kà mọ́. Téèyàn bá gba etí odò Célé, gbogbo rẹ̀ ò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ líle á fi ọjọ́ kan rìn ín. Ọjọ́ méjì la fún un.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí n wo afárá Valentré kí a tó kúrò ní Cahors, afárá olókùúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1308, tó ní ilé ìṣọ́ gogoro mẹ́ta lórí. Mo wò ó. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni mo bá wá.

Fóònù ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n yọ máàpù Michelin oníbébà kan jáde, ó ti gbó débi pé ó ti ya níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ. Ó ní àwọ̀ ni kí n máa wò: pupa ni ọ̀nà ńlá, yẹ́lò ló tẹ̀ lé e, funfun ni ọ̀nà wẹ́wẹ́. "Níbi tí àyè bá ti wà, funfun ni tiwa." Bí ìlà aláwọ̀ ewé bá sáré tẹ̀ lé ọ̀nà kan, ojú ibẹ̀ dùn ún wò. Bí o bá rí àmì tó dà bí orí ọfà lójú ọ̀nà, òkè nìyẹn: ọ̀kan, o lè máa sọ̀rọ̀ gùn ún, méjì, pa ẹnu dé, mẹ́ta, gíga rẹ̀ ju mítà 13 lọ nínú mítà 100 ìrìn, bọ́ sílẹ̀ kó o máa tì í. N ò rò pé ohun kan wà lórí fóònù mi tó ye mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín, mọ́tò wà ní kìlómítà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ láti Cahors. Òfin wọn ni pé ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, mítà kan nínú ìlú. Ọkọ̀ kan tẹ̀ lé wa wọ́ọ́rọ́wọ́ títí kọ́nà fi tán, kò fọn fèrè rárá. Mo rò pé ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ní Conduché, níbi tí Célé ti ń dà sínú odò Lot, a yà sápá òsì bọ́ sórí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní D41. Bí ìgbà tẹ́nì kan ti ilẹ̀kùn ni. Ariwo pa rọ́rọ́. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ṣéènì mi tó ń bẹ̀bẹ̀ fún òróró, táyà lórí ọ̀dà, àti omi odò tí igi ò jẹ́ ká rí. Àpáta ẹfun ga sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbòmíràn ó na orí bo títì bí etí òrùlé. Kìlómítà kan sí ìkejì, òkúta kúkurú kan á yọjú létí ọ̀nà, ara rẹ̀ funfun, fìlà rẹ̀ yẹ́lò, D41 lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn.

Ní Cabrerets, wọ́n fi òkúta mọ ògiri dí ẹnu ihò kan lára àpáta, ó wá dà bí ilé tó lẹ̀ mọ́ ògiri. "Ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbẹ̀, láti ìgbà Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bára wọn jà láyé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n nàka sí i: "Àbúrò, ilé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rẹ rèé o. Wọn ò sanwó ilé." Ihò Pech Merle wà lórí òkè níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì wọ̀ ní 1922, tí wọ́n rí àwòrán ẹṣin alámì tótòtó tó ti wà níbẹ̀ láti ohun tó ju ẹgbẹ̀rún 25 ọdún lọ. A ò wọlé. Wọ́n níye èèyàn tí wọ́n ń gbà lóòjọ́, a ò sì gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ̀bi wa ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di wàhálà ni oúnjẹ. Ọjọ́ Ajé ni. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má wọ ìgbèríko Faransé lọ́jọ́ Ajé láìgbé oúnjẹ dání. Abúlé kan, ilé búrẹ́dì ti ilẹ̀kùn. Abúlé kejì, kò tilẹ̀ ní. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lu aago kan, fèrèsé gbogbo ilé wà ní títì, ológbò kan ló wò wá. Ìgò omi mi ti gbẹ. Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jiyàn, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gba ẹnu géètì onírin kan wọlé. Mo tẹ̀ lé e. Àgbélébùú ni mo kọ́kọ́ rí.

"Ẹ̀gbọ́n! Itẹ́ òkú nìyí!"

"Ibẹ̀ lomi wà."

Lóòótọ́, ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri, agolo ìbomirin òdòdó mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní gbogbo oníkẹ̀kẹ́ Faransé ló mọ̀ ọ́n: ibikíbi tí òkú bá wà, òdòdó á wà, ibi tí òdòdó bá wà, omi á wà. Kí o ṣáà wò ó bóyá wọ́n kọ "eau non potable" sí i, ìyẹn ni pé kò ṣeé mu. Wọn ò kọ ọ́. Ó mu. Mo dúró, mò ń wò ó bóyá nǹkan kan máa ṣe é. Ìyá tó bí mi, tó bá rí mi níbẹ̀, á gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje.

Gaàrí Ìjẹ̀bú wà nínú àpò mi láti Peckham, pẹ̀lú epa àti ṣúgà. Ebi ò jẹ́ kí n rojọ́ pẹ́. A jókòó sẹ́yìn ògiri níbi òjìji, a rẹ ẹ́ sínú abọ́ ike, omi náà tutù bíi ti àmù. Iwájú wa ni òkúta ìrántí àwọn tó bá ogun 1914 sí 1918 lọ. Abúlé tí mi ò rí èèyàn kan ní títì rẹ̀, orúkọ mọ́kàndínlógún ló wà lára òkúta yẹn. Mẹ́ta tẹ̀ léra, orúkọ bàbá kan náà.

Níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ọ̀nà yẹn ti yé mi. Láàárín sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Lot tí a wà yìí sún mọ́ 300,000. Lónìí wọn ò pé 180,000. Kòkòrò phylloxera jẹ gbòǹgbò àjàrà run, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí ìlú ńlá, ogun kó nínú àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n Faransé ní commune, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké, bíi 35,000, èyí tó kéré jù nínú wọn ló ní olórí tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ máa tún ṣe. Èèyàn lọ, ọ̀dà kò bá wọn lọ. Ní abúlé bàbá mi, èèyàn kún fọ́fọ́, láti kékeré mi ni wọ́n ti ń ṣèlérí ọ̀nà. N ò mọ èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ìyá àgbà kan wọlé pẹ̀lú ṣọ́bìrì kékeré. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó kí i kó tó sọ ohunkóhun. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ sọ "bonjour" níbẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀, ìyẹn ò sì ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Màmá wo abọ́ wa, wọ́n bi ẹ̀gbọ́n ní ìbéèrè kan, ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó túmọ̀ ẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní ṣé a ti tọrọ omi lọ́wọ́ àwọn onílé?"

A sùn sí Marcilhac, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn mọ́ńkì tí ògiri rẹ̀ ti wó láti ayé Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún náà. Lọ́jọ́ kejì a gba ọ̀nà funfun kan gun òkè, orí ọfà méjì, mo sì pa ẹnu dé gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn. Lókè, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kìkì òkúta àti igi kúkurú, àgùntàn funfun tí ojú wọn dúdú roboto bí ìyàwó tó lé tìróò. Túùbù mi bẹ́ níbẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú la fi lẹ̀ ẹ́, katakata kan ṣoṣo ló kọjá. Awakọ̀ rẹ̀ pa á, ó bi wá bóyá a nílò nǹkan, ó tún un ṣí.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì tó tẹ̀ lé e, ìgò mi ṣì tó ààbọ̀, àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ yà. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, mo ṣí akoto lórí, mo dúró lẹ́nu géètì.

"Àgò onílé o!"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn lẹ́yìn mi, "Àgò yà!"