"Mo Ti Gbọ́, Nọ́ọ̀sì"

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán, níbi tí a ti ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ tọ́jú jẹjẹrẹ, gbólóhùn kan wà tí ẹ ó máa gbọ́ títí á fi sú yín: "Mo ti gbọ́, nọ́ọ̀sì." Ẹ má tètè gbà á. Aláìsàn ò purọ́ fún yín o. Ó gbọ́ lóòótọ́, kò kàn rí àyè kankan nínú ọjọ́ rẹ̀ tó lè fi ohun tó gbọ́ sí ni.

Bàbá kan ló là mí lójú. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló ń ṣe wọ́n, ìgbà 35 ni dọ́kítà sì kọ fún wọn lórí ẹ̀rọ, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ 7 gbáko. Lọ́jọ́ kìíní, mo jókòó tì wọ́n, mo rò ó wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì bí ọmọ iléèwé tó há àkọ́sórí: ẹ máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ eyín, ẹ jìnnà sí ata, sìgá àti ọtí, ẹ máa la ẹnu gbàgà lójoojúmọ́ kí àgbọ̀n má baà gan. Mo tún fún wọn ní ìwé tí a tẹ gbogbo rẹ̀ sí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, egbò ti gba inú ẹnu wọn kan, ẹ̀kọ mímu ti di ogun, ọjọ́ 2 sì ti lọ tí wọn ò yọjú. Mo béèrè ìwé. Bàbá tọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù, wọ́n tú ọ̀rá kan, wọ́n fà á yọ, ó mọ́ tónítóní bí ọjọ́ tí mo fún wọn.

"Ìwé yín rèé. Mi ò jẹ́ kó dọ̀tí."

Bàbá ò mọ̀wé kà, èmi ò sì bi wọ́n.

Mo gba ìwé náà, mo ṣẹ́ ẹ sápò. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá jí, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe?" Wọ́n ní àwọn á kírun àsùbáà. Kí wọ́n tó kírun ńkọ́? Àlùwàlá. Nínú àlùwàlá, ṣé ẹ ò ní í yọ ẹnu? Wọ́n wò mí bíi pé orí mi ò pé: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń yọ ọ́, ta ni kò mọ̀? Mo ní ó tán. Bí ẹ bá ti kírun tán, ẹ fi omi iyọ̀ yọ ọ́ sí i. Ìrun márùn-ún, omi iyọ̀ ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ẹnikẹ́ni ò ní í rán yín létí, ládàánì á ti ṣe é.

Ọmọ wọn obìnrin ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń pò ó: ṣíbí tíì kan iyọ̀, ṣíbí tíì kan baking soda tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lítà kan, kí wọ́n da ìyókù nù lálẹ́, kí wọ́n po òmíràn láàárọ̀. Mo ní kó kó èlò wá lọ́jọ́ kejì, kó pò ó níṣojú mi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Káún ló rà wá! Ó ní ẹni tó tà á fún òun ní ọ̀kan náà ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò bi aláìsàn mọ́ bóyá ohun tí mo sọ yé e. "Ẹ ṣe é kí n wò ó" ni mo máa ń sọ.

Omi iyọ̀ ò lè dá egbò dúró o, ìtànṣán ló fà á. Àmọ́ ẹnu Bàbá mọ́, wọ́n ń lo oògùn ìrora kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀kọ ń wọlé díẹ̀díẹ̀, wọn ò sì pa ọjọ́ jẹ mọ́. Ohun tí mò ń lé gan-an nìyẹn, torí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, bíi ti Bàbá, kì í fẹ́ kí ìtọ́jú falẹ̀. Bí a bá sinmi, òun ń hù.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ awọ ara. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní á pọ́n. Awọ ta ni? Lára tiwa, á túbọ̀ dúdú ni, á gbóná, á máa yún ènìyàn. Ìyá kan wà, jẹjẹrẹ ọmú, ìgbà 25. A kọ ọ́ sí fáìlì wọn léraléra pé awọ ara dára, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ọmú ti ń bó. A kò gbé ọmú sókè wò, torí ojú ń tì wá. Ẹ gbé e sókè. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ bi wọ́n bóyá ó ń ta wọ́n.

Ìyá yìí kan náà ló fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ àmì tí a fi sí àyà wọn dànù, èyí tó ń tọ́ka ibi tí ìtànṣán máa bà. Mo jágbe mọ́ wọn: ṣebí mo ti sọ pé kí wọ́n má fọ̀ ọ́? Wọ́n ní, "Ṣé kí n máa rùn wá bá yín ni?" Ẹnu mi wọhò. "Ẹ má ṣe" nìkan ni mo sọ, mi ò sọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Mo wá ní kí wọ́n wẹ̀, ọwọ́ lásán, omi tí kò gbóná, ọṣẹ tí kò lóòórùn, kí wọ́n fi aṣọ tó rọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ, kí wọ́n má nù ún. Kọ́mú tó fún ńkọ́? Wọn ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ nǹkan. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ọkọ wọn tó ti gbó la fi yanjú ìyẹn.

Ẹ má béèrè pé, "Ṣé ẹ ń fi nǹkan pa á?" Rárá ni wọ́n á wí. Ẹ béèrè pé, "Kí lẹ ń fi pa á?" Ìgbà yẹn lẹ ó gbọ́ nípa àdí, òrí àti òróró àdúrà. Òróró Ìyá, iwájú orí la ní kí wọ́n máa fi sí dípò àyà, pásítọ̀ wọn sì gbà.

Àwọn tí wọ́n ń tọ́jú ọrùn ilé-ọmọ wọn, a máa ń fẹ́ kí àpò ìtọ̀ wọn kún, kó lè ti ìfun kúrò lójú ọ̀nà ìtànṣán. Ẹni tó wọ mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn kì í fẹ́ mumi, torí awakọ̀ ò ní í dúró fún un kó tọ̀. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Bó bá dé, kó tọ̀, kó mu omi inú ọ̀rá kan, kó wá jókòó dé àsìkò rẹ̀.

Sátidé àti Sọ́ńdè sì ni kẹ́ ẹ fojú sí. Wọn kì í wá, òde àríyá wà, gbogbo ètò á sì tú. Mo máa ń pè wọ́n lọ́sàn-án Sátidé. Ìṣẹ́jú méjì ò jù ú lọ.

Ìyá onísíńgílẹ́ẹ̀tì ní páálí ìṣáná kan tí wọ́n ka igi 25 sí. Bí wọ́n bá ti délé láti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á yọ igi kan. Lọ́jọ́ tó parí, wọ́n mú páálí òfìfo wá, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé ara yìí ṣì lè burú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó san. Mo ka igi 14 mìíràn sínú páálí náà.

Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ kí n sinmi."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n pè mí pé ó ń ṣomi lábẹ́ ọmú. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Nígbà tí mò ń dì í fún wọn, páálí náà wà lórí itan wọn. Igi márùn-ún ló kù.