Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà tó kọ́ mi bí a ṣe ń wá télọ̀ nítòsí ilé

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo pé ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tó jẹ́ pé ṣẹ́ẹ̀tì ni a ń wọ̀ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀kan nínú ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun tí kọ́là rẹ̀ ti wú káàkiri bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí. Aṣọ tó rà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kó aṣọ ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún fún télọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bákan náà sì ni márààrún rí. Ó dùn mí, nítorí pé ohun tó ṣe mí ní ọdún àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ẹ̀kọ́ díẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fa aṣọ yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Èkíní ni pé kí ẹ wá télọ̀ tó wà nítòsí ilé yín, kì í sì í ṣe nítorí owó ọkọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí a rán mọ́ ara ẹni kì í ṣe ohun tí a ń gbà lọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì parí. Ẹ ó lọ wọ̀ ọ́ wò, wọn yóò tú apá rẹ̀, wọn yóò tún un rán, ẹ ó sì tún padà lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé odidi ọjọ́ kan ni ẹ fi ń dé ọ̀dọ̀ télọ̀ yín, ohunkóhun tó bá kó fún yín ni ẹ ó máa gbà, ẹ ó sì máa sọ fún ara yín pé kò burú jù.

Èkejì ni pé kí ẹ má ṣe fi aṣọ tí télọ̀ gbé kọ́ sára ògiri mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi ra aṣọ òwú funfun tó tó ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan wà tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé mi, ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sì wà lára ògiri rẹ̀ tí ojú rírán wọn tọ́ gbọnrangandan. Mo kó gbogbo aṣọ náà fún un, nítorí ó ní bí òun bá gé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, iṣẹ́ yóò tètè yá. Ó wọ̀n mí lórí ẹ̀wù tó nípọn tí mo wọ̀ lọ: ọrùn, àyà, apá, gígùn, ó sì parí láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kò wo èjìká mi rárá. Èjìká ọ̀tún mi fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò sì ti rí i kí ó tó mú téèpù. Kò pè mí wá wọ èyíkéyìí wò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo ní láti dúró níwájú àwọn ọ̀gá láti ṣàlàyé iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni mo tó rí wọn gbà, bó sì tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i pé aṣọ ká jọ sí èjìká ọ̀tún, aṣọ kò bá Ọ̀mọyẹ́ mọ́.

Mo wọ ọ̀kan lọ́jọ́ náà, ó ṣeé wò. Mo wọ àwọn yòókù láàárín ọ̀sẹ̀ náà, mo sì fọ gbogbo wọn pọ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ, bọ́tìnì ọrùn kò pa dé mọ́, apá wọn kò sì dé ọrùn ọwọ́ mi. Aṣọ òwú tí omi kò tíì kàn rí lè súnkì ní ìwọ̀n 3 sí 5 nínú 100 nígbà àkọ́kọ́ tí a bá fọ̀ ọ́, nígbà mìíràn ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dàbí ohun kékeré létí, ṣùgbọ́n bí aṣọ bá fi 5 nínú 100 súnkì, kọ́là tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 yóò di 38, apá tó jẹ́ 64 yóò sì di nǹkan bí 61. Ó yẹ kí télọ̀ náà ti rẹ aṣọ náà sínú omi kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti kọ́là tún burú jù. Aṣọ líle tó fi sínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ní gọ́mù lára, tó jẹ́ pé ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ló ń mú un lẹ̀ mọ́ aṣọ. Irú rẹ̀ kò burú fúnra rẹ̀, torí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n ooru tó yẹ fún àkókò tó yẹ. Áyọ́ọ̀nù lásán ni télọ̀ mi fi kọjá lórí tirẹ̀ ní wàràwàrà. Omi àkọ́kọ́ ló tú gọ́mù náà, kọ́là mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wú.

Mo kó wọn padà lọ. Ó ní èmi ni n kò mọ aṣọ fọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ló wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òṣìṣẹ́ kan tó ti kúrò níbẹ̀ ló rán àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rí lára ògiri. Ó ti lé ní ọdún mọ́kàndínlógún, inú mi kò tíì yọ́ sí télọ̀ náà. Kì í ṣe nítorí aṣọ. Bí ó bá ti sọ pé òun ṣe àṣìṣe, ǹ bá ra òmíràn, ǹ bá sì tún gbé e fún un.

Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ní òpópónà Jermyn ní London, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti lókìkí tipẹ́, máa ń rán ẹyọ kan ṣáájú fún oníbàárà tuntun, kí ó wọ̀ ọ́, kí ó fọ̀ ọ́, kí wọ́n tó gé ìyókù. Bí àwọn tó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ kò bá fọkàn tán téèpù ara wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ni a fẹ́ fi kó aṣọ mẹ́fà fún ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ láàárọ̀?

Alágbàfọ̀ ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ránṣọ fún mi títí di òní. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí n kò rí ẹni tó ń sọ ọ́: alágbàfọ̀ mọ télọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ló ń yí ṣẹ́ẹ̀tì sódì, òun ló mọ èyí tí kọ́là rẹ̀ ṣì dúró lẹ́yìn ọgbọ̀n ìgbà tí a ti fọ̀ ọ́. Mo bi í léèrè pé ta ló rán èyí tó dára jù lọ lára àwọn tó wà níwájú rẹ̀, ó sì júwe ilé ìyá kan tó wà lẹ́yìn ilé mi gan-an, tí mo ti ń kọjá níwájú wọn láìmọ̀, nítorí wọn kò gbé ohunkóhun kọ́ síta.

Ìyá náà ní kí n bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi, kí n dúró bí mo ṣe máa ń dúró, kí n jókòó, kí n na apá síwájú. Wọ́n bi mí pé ọwọ́ wo ni mo ń so aago mọ́, kí wọ́n lè jẹ́ kí ẹnu apá ìhà yẹn fẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gé pátánì mi sórí bébà líle, wọ́n fi aṣọ tí kò wọ́n rán ọ̀kan kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò, wọ́n sì gé aṣọ èjìká ẹ̀yìn ní abala méjì, kí ti ọ̀tún lè rẹlẹ̀ ju ti òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà lọ kí ṣẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó bá mi mu. Mo ka iye ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún aṣọ nínú íǹṣì kan lára ojú rírán rẹ̀, ó jẹ́ 18, níbi tí ti télọ̀ àkọ́kọ́ kò ti ju 10 lọ. Aṣọ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n dì pọ̀ fún mi, wọ́n ní kí n tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí kọ́là bá gbó, kí àwọn lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹyọ kan ni kí ẹ mú lọ. Ẹ mú un lọ nígbà tí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ bá ṣì jìnnà, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbé èkejì lọ. Bí télọ̀ bá ní láti tún un ṣe, ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá sọ fún un. Ìyá tó ń ránṣọ fún mi yẹn kì í jiyàn: wọ́n á kàn na ọwọ́ gba ṣẹ́ẹ̀tì náà, wọ́n á yí i sódì, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tó ti kùnà.