Áláàmù ti "go off" o!

Ojú ṣì ń tì mí, àmọ́ ẹ̀rín ò jẹ́ kí ojú ọ̀hún tì mí tán.

Ẹ ṣáà mọ ilé ẹ̀gbọ́n mi tí mò ń ṣọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, lẹ́yìn Ọjà Jagun. Wọ́n fi áláàmù kan ránṣẹ́ láti Kánádà, mo so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n wá kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp: "If the alarm goes off, call me immediately." Mo ní, "Noted, sir." Noted bàbá ta ni?

Àwa tí wọ́n ń sọ fún láti kékeré pé "off gẹ́ẹ̀nì yẹn", tí NẸ́PÀ bá mú iná, a ní light ti go off. Ohun tó bá ti go off, ó ti kú nìyẹn. Ó yé mi kedere: tí áláàmù bá kú, kí n pè wọ́n.

Aago méjì òru, áláàmù figbe ta. Mo dìde jókòó, mo tẹ́tí sí i. Ó ń ké dáadáa! Inú mi dùn pé owó ẹ̀gbọ́n mi ò wọgbó. Mo fa aṣọ borí, mo padà sùn.

Àwọn ajá àdúgbò ń bá a gberin. Ìyá alákàrà wá gbá fèrèsé mi: "Tíṣà! Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò tíì go off. Tó bá dákẹ́ ni ká tó máa bẹ̀rù."

Èmi nìyẹn o, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́, tí mo sì ń gbowó lé e!

Nígbà tó di aago márùn-ún, bátìrì kú. Kẹ́kẹ́ pa. Háà! Mo fò dìde, mo gbá àdá mú, mo pe Kánádà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, áláàmù ti go off o!"

"Ṣé ó ṣì ń ké?"

"Rárá, sà! Láti aago méjì ló ti ń ké. Ìsinsìnyí ló go off."

Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ti go off.

Ta lẹ máa dá lẹ́bi gan-an? Áláàmù go off, igbe ló ń ké. Iná go off, ó kú. Bọ́ǹbù go off, ó bú gbàmù. Mílíìkì àwọn Òyìnbó go off, ó kan. Ọ̀rọ̀ kan náà tó ń jí tibí ló ń pa tọ̀hún! Lọ́dọ̀ tiwa, ìbọn a ró, agogo a dún, iná a kú, wàrà a kan, kálukú ló ní tiẹ̀. Ẹ wá lè sọ pé èdè wa ló le.

Ẹ ò sì tíì bi mí léèrè olè. Ewúrẹ́ ìyá alákàrà ni. Ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹ àpọ̀jẹ lọ ní tiẹ̀, nígbà tí olówó rẹ̀ ń gbá fèrèsé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún ọ̀rọ̀ kọ sí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Kánádà, n ò rí Yorùbá lọ́wọ́ wọn rí: "Tó bá ti ké, pè mí."

Mo ní, "Noted, sir."