Bí Fílítà Ọ́ìlì Bá Kọ̀ Tí Kò Wọlé

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo fílítà ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì bá jò tán nínú rẹ̀ lórí ìrìn lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Bí ẹ bá ń yí fílítà tuntun, tí ó sì le kí rọ́bà rẹ̀ tó kan ojú ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró. Ẹ má wá sípánà. Ọwọ́ lásán la fi ń yí i wọlé. Irinṣẹ́ wà fún títú èyí tó ti gbó. Tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó lọ́ yípo tí fílítà fi ń wọlé, kì í bá ọwọ́ jà bó bá mọ ẹnì kejì rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé mo á mú fílítà àtijọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, mo á tún yí i padà sórí ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Bí ti àtijọ́ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀pá kò jẹ̀bi, fílítà tuntun ló ní ẹjọ́ láti rò. Bí òun náà bá kọ̀, ẹ mú iná, kí ẹ yẹ ọ̀pá wò dáadáa. Ẹ tilẹ̀ wò ó bóyá ọ̀pá ṣì wà níbẹ̀, torí ó máa ń bá fílítà àtijọ́ jáde nígbà mìíràn.

Ní ti fílítà tuntun, ìwọ̀n tírẹ́ẹ̀dì ló sábà máa ń tan èèyàn jẹ. Méjì lára àwọn tó wọ́pọ̀ ni 3/4-16, tí wọ́n fi íǹṣì wọ̀n, àti M20x1.5, tí wọ́n fi mìlímítà wọ̀n. Ìkíní fẹ̀ ní mìlímítà 19.05, èkejì jẹ́ 20. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Fílítà 3/4 kò ní gba ọ̀pá M20 rárá, ìyẹn sàn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni fílítà M20 lórí ọ̀pá 3/4: ó lè wọlé, àmọ́ á máa mì, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kò sì di ọ̀pá mú dáadáa. Agbára ọ́ìlì lè tì í kúrò lójú ọ̀nà. Nítorí náà, èyí tó rọ̀ jù náà yẹ ká fura sí. Nọ́ńbà tó bá ọkọ̀ náà mu ni kí ẹ fi ra fílítà, ẹ má fi ìrísí rà á.

Bí ìwọ̀n bá tọ̀nà, tó ṣì ń há, ó ṣeé ṣe kó wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé e dúró gbọọrọ, kí ẹ yí i sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ pé ó jábọ́ sí ojú ọ̀nà tírẹ́ẹ̀dì, kí ẹ tó yí i síwájú. Ọ̀pá tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi fílítà tuntun tún ṣe. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ṣeé tú. Ẹ de nọ́ọ̀tì méjì mọ́ ara wọn lórí rẹ̀, kí ẹ fi sípánà yọ ọ́, kí ẹ fi tuntun sí i.

Ẹ nu ojú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi ìka wá rọ́bà àtijọ́ níbẹ̀. Rọ́bà méjì lórí ara wọn á tú ọ́ìlì jáde. Ẹ fi ọ́ìlì pa rọ́bà tuntun. Bó bá ti kan ojú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kún un, àfi bí ara fílítà bá kọ òmíràn. Ẹ tan ọkọ̀, kí iná ìkìlọ̀ ọ́ìlì tó wà níwájú awakọ̀ kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá ó ń jò. Bí kò bá jò, ẹ pa á, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá tún ọ́ìlì wọ̀n, torí fílítà tuntun ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀.