Pátákó Pupa-Funfun Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Ohun Tí Mo Sọ fún Àbúrò Ìyàwó Mi

Àbúrò ìyàwó mi ra ọkọ̀ motorhome àlòkù, irú ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn tó ń jẹ nínú rẹ̀, ó sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Birmingham lọ sí Ítálì, kí wọ́n gba etí òkun Faransé bọ́ sí Sípéènì kí wọ́n tó darí wálé. Ó de irin ìgbékẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó gbé kẹ̀kẹ́ méjì kọ́ ọ, ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí WhatsApp. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, gbogbo ẹ̀ ti pé." Mo ní kò tíì pé, pátákó pupa-funfun tó ń fi òpin ẹrù han awakọ̀ ẹ̀yìn dà? Ó ní, "Pátákó wo? Mo ti gbé kẹ̀kẹ́ yìí yí Wales ká, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè."

Wales ni wọn ò ti bi í. Ilẹ̀ tí táyà rẹ bá ń tẹ̀ lọ́wọ́ ni òfin rẹ̀ dè ọ́, kì í ṣe ilẹ̀ tí o ti ra ọkọ̀. Ní Ìlú Ọba níbí, ẹrù tó yọ lẹ́yìn ọkọ̀ kì í di ọ̀rọ̀ títí yóò fi kọjá mítà kan. Faransé náà rí bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn mítà kan ni wọ́n tó máa béèrè àmì. Kẹ̀kẹ́ méjì kì í sábà yọ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wakọ̀ láti Calais títí dé Menton tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wá wò. Ẹ sọdá Menton bọ́ sí Ventimiglia ní Ítálì, ọ̀rọ̀ yí padà. Abala 164 nínú òfin ìrìnnà Ítálì kò dárúkọ mítà kankan ní ti àmì. Ẹrù tó bá ti yọ lẹ́yìn, ì báà ṣe ìka mẹ́ta, pátákó gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀.

Pátákó onígun mẹ́rin ni, 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 50 sẹ̀ǹtímítà ní òró. Ìlà pupa àti funfun ló wà lójú rẹ̀, tí wọ́n dà gẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ń kọ mọ̀nà tí iná ọkọ̀ bá bà á. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọ̀dà kùn sórí pákó lẹ́yìnkùlé o. Àmì ìfọwọ́sí ìjọba máa ń wà lára ojúlówó.

Mo wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ojú ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ gba òpópónà A10 láti Ventimiglia sí Genova ní ọ̀sán gangan, ẹ ó rí i. Oòrùn á máa ta yín lójú, kí ẹ tó mọ̀ ẹ ti kó sínú ihò abẹ́ òkè, ẹ jáde, ẹ tún kó sí òmíràn. Bí awakọ̀ ẹ̀yìn bá ṣe wọlé, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yín nìkan lojú rẹ̀ kọ́kọ́ ń mú, òun ló sì fi ń díwọ̀n bó ṣe jìnnà sí yín. Kò mọ̀ pé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín ti fi bí gígùn apá kan sún mọ́ òun ju iná náà lọ. Pátákó ló ń sọ fún un pé ibí gan-an ni ọkọ̀ parí sí. Ìdí nìyẹn tí òfin wọn fi ní kó wà ní òpin ẹrù pátápátá, kó sì dojú kọ ẹ̀yìn gbọnrangandan. Ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ tó wà níta jù, kì í ṣe èyí tó fara ti ọkọ̀.

Sípéènì ń pe tiwọn ní V-20. Ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to ìlà rẹ̀ kò bá ti Ítálì mu. Àwọn ọlọ́jà ti mọ èyí, wọ́n ti ń ta olójú méjì: Ítálì ní ojú kan, Sípéènì ní ojú kejì. Òun ni kí ẹ rà, kó sì jẹ́ ti alumíníọ̀mù. Oníke dẹrùn lápò, àmọ́ èmi ò ní gbé e wọ Ítálì. Tí ẹrù bá gba gbogbo ìbú ẹ̀yìn ọkọ̀, méjì ni Sípéènì ń fẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ìlà wọn pàdé lókè bí òrùlé. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n tún fẹ́ iná pupa pẹ̀lú rẹ̀.

Wọ́n tún le ju Ítálì lọ lórí gígùn. Ítálì gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gígùn ọkọ̀. Lọ́dọ̀ Sípéènì, ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún ẹrù nìkan, ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ lẹ́yìn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, tàbí ìdá 15 nínú 100 tó bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé pín. Fún ọkọ̀ mítà méje, 70 sẹ̀ǹtímítà nìyẹn, tàbí mítà kan ó lé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Ọmọkùnrin náà ń bi mí bóyá kẹ̀kẹ́ ṣeé pín. Mo ní kó fi ayùn gé tirẹ̀ wò. Lóòótọ́ ṣá, mo ní kó fi téèpù wọ̀n ọ́n, kó má jẹ̀ẹ́ kó ju 70 lọ, kó má baà dúró máa bá ọlọ́pàá jiyàn ní èdè tí kò gbọ́.

Jámánì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹrù tó bá fi ju mítà kan lọ kọjá gíláàsì tí ń kọ mọ̀nà lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀kan nínú ohun tí òfin wọn gbà ni àsíá pupa. Aṣọ pupa tí àwọn onípákó wa ń so sẹ́nu igi lójú ọ̀nà Ìbàdàn náà ni! Àmọ́ àwọn Jámánì wọ̀n ọ́n: kò gbọdọ̀ kéré sí 30 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, igi gbọ́dọ̀ nà án kó má ká kò, kò sì gbọdọ̀ ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ láti ilẹ̀.

Síso ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fara balẹ̀ ṣe. Atẹ́gùn ẹ̀yìn motorhome lágbára, tí ẹ bá fi okùn kan ṣoṣo kọ́ páánù yẹn, á máa gbá kẹ̀kẹ́ pàràpàrà láti Dijon dé Lyon, á sì ha ọ̀dà rẹ̀ dànù. Rọ́bà inú táyà tó ti jó ni mo ń gé tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù. Mo ń fi so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì ń wé díẹ̀ mọ́ irin kẹ̀kẹ́ níbi tí páánù ti kàn án. Ẹ rí i pé kò bo iná bíréèkì, tráfíkétọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ wá mú àkísà tútù dání, torí ìdọ̀tí títì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tó bá sì ti bo ojú pátákó, kò ní kọ mọ̀nà mọ́.

Ohun méjì mìíràn tí kẹ̀kẹ́ máa ń mú kí èèyàn gbàgbé. Ní Sípéènì, sítíkà UK gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ọkọ̀, kódà kí UK ti wà lára nọ́ńbà, nítorí náà ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tí kẹ̀kẹ́ ò ní bò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá sì ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ lọ, láti oṣù kìíní 2021 ni Faransé ti ń béèrè sítíkà "Angles morts" (ibi tí ojú awakọ̀ kò tó) lọ́tùn-ún, lósì àti lẹ́yìn.

Àbúrò ìyàwó mi tún bi mí bí wọ́n bá wá sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ ńkọ́, tí irin ṣófo. Tèmi, mo máa ń ká irin náà sókè kó fara mọ́ ọkọ̀, mo sì ń ti pátákó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.