Ilẹ̀ ló gba ooru lára mi

Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá sùn nínú igbó, aago méjì òru ni mo ta jí. Aṣọ méjì ló wà lọ́rùn mi, mo tún wà nínú báàgì tó nípọn tí wọ́n ń wọnú rẹ̀ sùn, síbẹ̀ mo ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Òjò ò rọ̀, atẹ́gùn ò fẹ́. Àyà mi móoru dáadáa. Ẹ̀yìn mi, ìbàdí mi àti èjìká tó kanlẹ̀ ló tutù bí omi kànga. Bí mo bá yíra padà, ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lélẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Mi ò padà sùn mọ́. Ibi tí mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín òwú inú báàgì náà ló ń mú èèyàn móoru, kì í ṣe òwú fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn á jáde, ohun tó máa kù sábẹ́ ẹni ò ju aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ilẹ̀ á wá máa fa ooru ara lọ ní gbogbo òru. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń dáná àti bí a ṣe ń ta kókó okùn, torí àwọn yẹn ló wù mí jù. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa ibi tí màá fẹ̀yìn lé.

Nígbà tí mo padà lọ, mi ò tíì fọwọ́ kan ìṣáná tí mo fi ń kó ewé gbígbẹ. Mo kó o títí ó fi ga dé orúnkún mi, torí pé bí a bá dùbúlẹ̀ lé e, ó máa wọlẹ̀ gan-an. Mo fi igi gígùn méjì há a lọ́tùn-ún lósì kó má baà tú ká. Igi náà ni mo fi ń tú ewé kí n tó kó o, mi ò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, torí ejò àti àkekèé. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ. Mo sùn wọra.

Ti iná náà ò jìnnà sí èyí. Mo ti ṣá ìṣáná ṣòfò rí lórí igi tí mo ṣà nílẹ̀, tó ti fa omi mu láti abẹ́. Igi tó kú lóòró, tàbí ẹ̀ka tó ṣẹ́ tó sì há sórí igi mìíràn, ni mo ń wá báyìí. Bí mo bá ṣẹ́ ẹ tó dún pá, ó ti gbẹ. Bó bá kàn ń tẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀. Bí òjò bá ti pa á, mo máa ń fi ọ̀bẹ là á, torí inú rẹ̀ sábà máa ń gbẹ. Mo ń kó èyí tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná ní ẹkún ọwọ́ méjì, kí n tó kó èyí tó tó ìka, àti èyí tó tó ọrùn ọwọ́. Bí mo bá fẹ́ kúrò, màá bu omi sí i, màá rò ó, màá tún bu omi sí i, títí eérú á fi tutù lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi.

Omi odò ńkọ́? Bó ti wù kó mọ́ gaara tó, ó gbọ́dọ̀ hó yaya fún ìṣẹ́jú 1. Lórí òkè tó ga ju mítà 2,000 lọ, ìṣẹ́jú 3.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ sùn síta nígbà tí òjò bá ti rin gbogbo ewé. Ẹ̀ka igi ni màá tò ní ìpele-ìpele sábẹ́ ara mi. Mo ti sọ ibi tí màá wà fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti sọ aago tí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi bí wọn ò bá gbóhùn mi.